Lager, ale, tàbí stout? Ìfiwéra fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́ craft beer wò ní Abuja

Àbúrò ìyàwó mi, àgùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé wá sí Abuja láti Ìbàdàn, ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan láti ilé ọtí kan ní Wuse 2. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n kọ orúkọ bíà bíi mẹ́jọ sára pátákó síwájú mi, n ò mọ èyí tí mo fẹ́ mú. Pilsner, wheat, pale ale, IPA, stout, sour. Èwo ni kí n ní kí wọ́n gbé wá?" Mo bi í pé kí ló máa ń mu nílé. Ó ní Trophy tó bá tutù dáadáa, tàbí malt nígbà tí kò bá fẹ́ ọtí. Mo ní kó mu wheat, ìyẹn bíà àlìkámà, kó má tíì fọwọ́ kan IPA. Ọ̀rọ̀ wa ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ṣùgbọ́n àlàyé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gùn, òun ni mo fẹ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síwájú irú pátákó bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi bi í ní ohun tó ń mu nílé ni pé ahọ́n olúkúlùkù ti kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ kí bíà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó dàgbà sídìí ọbẹ̀ ewúro, ẹni tí orógbó kì í wọ́n lápò rẹ̀, ẹni tí kunu àti zobo ti mọ́ lára ní Kaduna tàbí Jos, kálukú ní ẹnu ọ̀nà tí yóò rọrùn fún un láti gbà wọlé. Púpọ̀ nínú àwọn tí mo gbọ́ tí wọ́n ní craft beer ò dáa, ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ni wọ́n gbà.

Craft beer ni wọ́n ń pe bíà tí ilé ìpọntí kékeré pọn ní ìwọ̀nba, tí ẹni tó ń pọn ọ́n fúnra rẹ̀ yan ọkà àti ìwúkàrà tó wù ú. Bature Brewery, tó bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín ní Abuja kó tó dé Èkó, ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi mọ̀ ọ́n. Bature ni Hausa ń pe òyìnbó. Ṣùgbọ́n ọtí pípọn kò ti ọ̀dọ̀ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ fún wa. Àwọn ìyá tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ ètò náà láti ọjọ́ pípẹ́: wọn á rẹ àgbàdo sómi kó hù, wọn á sá a, wọn á lọ̀ ọ́, wọn á sè é, wọn á sì fi í sílẹ̀ kó kan. Burukutu tí àwọn obìnrin ń bù sí igbá fún oníbàárà káàkiri apá Àríwá àti àárín gbùngbùn ilẹ̀ wa, ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀, ọkà bàbà ni tirẹ̀. Ohun tó mú bíà yàtọ̀ sí méjèèjì ni hops, òdòdó ewéko kan tó ń fún bíà ní kíkorò àti òórùn, tí kì í sì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́.

Ọkà bàbà yìí ò sì jìnnà sí bíà wa rárá. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó báálì tí wọ́n ti mú hù wọlé lọ́dún 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé ìpọntí ńlá yíjú sí. Oko ilẹ̀ Àríwá ni ọ̀pọ̀ ọkà bàbà náà ti ń wá. Nítorí náà, bí ẹ bá mu craft beer tí wọ́n fi báálì nìkan pọn, tó sì dà bíi pé ó ki lẹ́nu yín ju bíà tí ẹ mọ̀ lọ, ọkà tó wà níbẹ̀ ló fà á.

Lager àti ale

Gbogbo orúkọ tó wà lára pátákó yẹn, ìdílé méjì ni wọ́n ti wá, ìwúkàrà ló sì pín wọn. Ti lager máa ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù, bíi 7 sí 13°C. Ó máa ń rọra ṣe é, á sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àgbá. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún fi ọtí náà pamọ́ sínú òtútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí lager fi ń mọ́ lẹ́nu: ẹ máa gbọ́ adùn ọkà, ẹ máa gbọ́ kíkorò díẹ̀, ó parí. Ìwúkàrà ti ale fẹ́ ooru díẹ̀, bíi 15 sí 24°C. Ó máa ń hó gun òkè àgbá, kì í pẹ́ parí iṣẹ́, ó sì máa ń fi òórùn èso sílẹ̀ lẹ́yìn.

Star, tí ìgò rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó lọ́dún 1949, lager ni. Gulder tó dé lọ́dún 1970, lager ni. Trophy tí wọ́n ń pọn ní Iléṣà, lager ni. Ẹni tó ti fi ogún ọdún mu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú yàrá kan ṣoṣo ló ṣì wà nínú ilé ńlá, bí yàrá náà tilẹ̀ dára. Stout nìkan ló yàtọ̀. Ìdílé ale ni stout ti wá, nítorí náà ẹni tó bá ti ń mu Guinness tí wọ́n ń pọn ní Ìkẹjà láti ọdún 1962 ti ń mu ale kó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Bí lager bá ti mọ́ yín lára, tí ẹ ò sì fẹ́ ohun tó máa dẹ́rù bà yín, ẹ fi pilsner wé e. Ìlú Plzeň, ní ilẹ̀ Czech òde òní, ni Josef Groll, ará Bavaria, ti pọn ọ́n lọ́dún 1842. Ojú kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín òun àti lager ilé wa, àfi ẹnu. Hops inú pilsner pọ̀ jù, kíkorò rẹ̀ máa ń dé lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e mì, á sì mú ẹnu gbẹ díẹ̀ bíi ti obì. Ẹni tó bá fẹ́ràn Gulder ju Star lọ kì í sábàá ní ìṣòro pẹ̀lú rẹ̀.

Bíà àlìkámà méjì

Èyí ni mo máa ń gbé fún ẹni tí kò mu bíà rí, àti fún ẹni tó ní òun ò fẹ́ kíkorò. Àlìkámà ń jẹ́ kí bíà ṣú bí omi ògì, ó ń mú un ki díẹ̀, ó sì ń mú kí ìfófò rẹ̀ dúró pẹ́ lórí ife. Agbára rẹ̀ kò ju ti lager lọ, ó máa ń wà ní nǹkan bíi 5%.

Ti Jámánì ni wọ́n ń pè ní hefeweizen. Ó kéré tán, ìdajì ọkà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ àlìkámà. Bí ẹ bá gbé ife sún mọ́ imú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti kànáfùrù lẹ máa gbóòórùn, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó fi èyíkéyìí nínú méjèèjì sí i. Ìwúkàrà ló ń ṣe é. Ti Bẹ́ljíọ̀mù, witbier, ní tirẹ̀, wọ́n máa ń fi èso coriander àti èèpo ọsàn gbígbẹ sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sè é. Irú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá nígbà kan. Ilé ìpọntí tó kẹ́yìn ní ìlú Hoegaarden ti tì kí Pierre Celis, ọkùnrin tó ń ta wàrà, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí pọn ọ́n lọ́dún 1966.

Èwo ni kí ẹ mú? Bí ẹ bá fẹ́ràn kunu tí wọ́n fi kànáfùrù àti atalẹ̀ sí, ti Jámánì á bá yín lára mu lójú ẹsẹ̀, torí òórùn tí ẹ mọ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ mu ún pẹ̀lú ẹja, ní pàtàkì ọbẹ̀ ata ẹja àrọ̀ tó gbóná, ẹ mú ti Bẹ́ljíọ̀mù. Èèpo ọsàn inú rẹ̀ ń ṣe fún ẹja ohun tí ọsàn wẹ́wẹ́ ń ṣe. Ní oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe, nígbà tí ooru Abuja kì í jẹ́ kí èèyàn mí, n kì í mu ohun mìíràn.

Pale ale tàbí IPA?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀.

Orúkọ méjèèjì jọra, àwọ̀ wọn jọra, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà. Nínú pale ale, adùn ọkà àti kíkorò hops jọ ń gbé ẹrù ni; agbára rẹ̀ máa ń wà láàárín 4.5% sí 6.2%. Nínú IPA, hops ló gba ipò iwájú pátápátá, agbára rẹ̀ sì máa ń tó 5.5% sí 7.5%. India Pale Ale ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, orúkọ náà sì wá láti ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó bíà tó kún fún hops lọ sí Íńdíà. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ máa bá ní ilé ọtí lónìí, ti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù. Wọ́n gbé hops kan tó ń jẹ́ Cascade jáde níbẹ̀ lọ́dún 1972, òórùn rẹ̀ dà bí èèpo ọsàn gírépù. Òun ni Sierra Nevada fi pọn pale ale rẹ̀ ní California láti ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ilé ìpọntí kékeré sì tẹ̀ lé e.

IPA àkọ́kọ́ tí mo mu, ẹnu mi kò gbà á. Ọ̀rẹ́ kan ló ní kí n gbìyànjú rẹ̀ ní Jabi, kíkorò rẹ̀ sì bo gbogbo ohun yòókù mọ́lẹ̀. Mo gbé ife náà sílẹ̀ ní ààbọ̀. Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, mo mu pale ale, ó tẹ́ mi lọ́rùn, òun ni mo sì ń mu fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí mo padà sídìí IPA yẹn, ọtí kan náà, ibi kan náà, mo wá gbọ́ máńgòrò àti ọsàn inú rẹ̀. Wọ́n ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ahọ́n mi ni kò tíì lè kọjá kíkorò dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn àgbà ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Ẹni tó bá ń se ewúro sì mọ̀ pé a kì í já ewé láti inú ọgbà kí a sọ ọ́ sínú ìkòkò láìfọ̀ fún àlejò. Pale ale ni ewúro tí a ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti ṣetán fún IPA, ẹ bèèrè bóyá hazy ni tàbí èyí tó mọ́ gaara. Hazy máa ń ṣú bí omi èso, ó rọ̀, òórùn èso rẹ̀ pọ̀, kíkorò rẹ̀ kò le. Èyí tó mọ́ gaara, tí wọ́n ń pè ní West Coast, gbẹ lẹ́nu, ó sì korò gan-an. Ẹni tó ń jẹ orógbó láìfajú ro lè lọ tààrà síbi tó mọ́ gaara. Àwọn yòókù, ẹ kọ́kọ́ gba ti hazy.

Ohun kan tún wà tí kò gbọ́dọ̀ fò yín ru: òórùn hops kì í pẹ́ kó tó lọ, ooru àti ìmọ́lẹ̀ sì ni ọ̀tá rẹ̀. Mo ra IPA ìgò mẹ́rin rí ní ṣọ́ọ̀bù kan tó tò wọ́n sójú fèrèsé tí oòrùn ń ta sí. Ìtọ́wò páálí tó rẹ sínú omi ni mo gbọ́, kò sí òórùn èso kankan mọ́. Owó mi ṣòfò, ó sì dùn mí, torí iṣẹ́ ẹni tó pọn ọtí náà ló bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò. Bí IPA bá ti kọjá oṣù mẹ́ta, mi ò rà á. Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ dára ju ti àwọ̀ ewé lọ, torí ó ń dí ìmọ́lẹ̀. Agolo ló sì dára jù lọ.

Stout: àwọ̀ dúdú kì í ṣe agbára

Ẹ má fi dúdú àwọ̀ mọ agbára ọtí. Báálì tí wọ́n yan títí tó fi dúdú bíi kọfí ló ń pa stout láró, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ti tó láti mú gbogbo ọtí dúdú. Stout gbígbẹ ti Ireland, irú èyí tí wọ́n ń fà láti ẹnu ẹ̀rọ tí ìfófò rẹ̀ dà bí òrí, kò ju 4% sí 5% lọ. Ó rọjú ju Star lọ fún ẹni tó bá fẹ́ mu méjì. Ṣùgbọ́n Guinness Foreign Extra tí a mọ̀ nílé jẹ́ 7.5%. Òun ni a fi ń wọn gbogbo stout, ìdí nìyẹn tí a fi rò pé ohun dúdú gbogbo ló lágbára.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìgò lager ńlá, 60cl ní 5%, ní ògidì ọtí 3cl nínú. Odéku, ìyẹn Guinness ìgò ńlá, 60cl ní 7.5%, ní 4.5cl, ìyẹn ìgò lager kan àti ààbọ̀. Imperial stout, tí ilé ìpọntí kékeré fẹ́ràn láti pọn, lè tó 10%. Ìgò kékeré rẹ̀, 33cl péré, ní 3.3cl. Ìgò kékeré yẹn ju ìgò lager ńlá lọ. Ẹ máa wo iye tó wà lára ìgò kí ẹ tó wo bí ìgò ṣe tó.

Milk stout wà pẹ̀lú. Wọ́n máa ń fi ṣúgà inú wàrà sí i, ìwúkàrà kò sì lè jẹ ṣúgà yẹn, nítorí náà adùn rẹ̀ á ṣẹ́ kù sínú ọtí. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ràn malt, ṣùgbọ́n bí wàrà bá ń da inú yín rú, ẹ fi í sílẹ̀.

Fún ẹni tó bá fẹ́ fi ojú kan wò ó:

| Irú | Agbára | Bí ẹnu ṣe máa gbọ́ ọ | Bí ẹ bá fẹ́ràn |
|---|---|---|---|
| Pilsner | 4.2–5.8% | ó mọ́, ó gbẹ, ó korò díẹ̀ | Gulder, obì |
| Wheat | 4.5–5.6% | ó ki, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ọsàn | kunu |
| Pale ale | 4.5–6.2% | ọkà àti èèpo ọsàn | ewúro tí a fọ̀ |
| IPA | 5.5–7.5% | kíkorò, máńgòrò | orógbó |
| Stout gbígbẹ | 4–5% | kọfí, ẹ̀pà yíyan | kọfí láìsí ṣúgà |
| Imperial stout | 8–12% | ṣokoléètì, iná | Odéku |
| Gose | 4.2–4.8% | kíkan, iyọ̀ díẹ̀ | zobo |

Gose nìkan ni mi ò tíì mẹ́nu bà. Ọ̀kan lára àwọn bíà kíkan, tí wọ́n ń pè ní sour, ni; ìlú Goslar ní Jámánì ló ti gba orúkọ, wọ́n sì ń fi iyọ̀ àti coriander sí i. Ẹni tó ń mu zobo tí kò ní ṣúgà púpọ̀, tàbí tó fẹ́ràn àgbálùmọ̀ tó kan, kò ní bẹ̀rù rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ ohun kíkan kò gbọ́dọ̀ fi owó dán an wò. Kó tọ́ ti ẹlòmíràn wò.

Òtútù, oúnjẹ, àti ọ̀nà ilé

Gbogbo wa la fẹ́ bíà tó tutù bí yìnyín, n kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú ooru yìí. Lager àti wheat gba òtútù. Ṣùgbọ́n òtútù máa ń pa ahọ́n kú. Stout tó ti fíríìjì jáde báyìí kò ní sọ ohunkóhun fún yín. Ẹ gbé e sórí tábìlì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tó bíi 10°C sí 13°C, kọfí àti ṣokoléètì inú rẹ̀ á jáde. Ẹ má sì mu ún láti ẹnu ìgò. Imú ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́, ife ló sì lè gbé òórùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, suya ni ìdánwò Abuja. Kíkorò IPA máa ń mú kí ata jó ahọ́n jù, agbára ọtí náà á tún dá kún un. Suya tí wọ́n da yájì bò, lager tàbí wheat ni mo máa fi mu ún. Bí ata rẹ̀ kò bá pọ̀, ẹ fi stout gbígbẹ tì í: ẹran tí iná ti kàn àti báálì tí iná ti kàn, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Bákan náà ni àsun.

Bí ẹ bá máa rin ìrìn àjò, ẹ rántí pé òfin Abuja yàtọ̀ sí ti Kano. Ìpínlẹ̀ 12 ní Àríwá ló ń lo òfin Ṣàríà, Hisbah, ẹ̀ṣọ́ òfin Ṣàríà ní Kano, sì máa ń gba ọtí, wọn á fọ́ ọ. Ẹ má ṣe gbé ìgò craft beer fún ẹ̀gbọ́n yín ní ẹ̀bùn lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá sì mu, kó má wa ọkọ̀ lọ sí Kubwa tàbí Lugbe. Owó ọkọ̀ tí ẹlòmíràn wà wà lára owó ọtí.

Alẹ́ àkọ́kọ́, ẹ lọ ní ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ ní kí wọ́n bu irú mẹ́rin sínú ife kékeré, kí ẹ jọ pín in. Pilsner kọ́kọ́, wheat tẹ̀ lé e, pale ale, stout gbígbẹ kẹ́yìn, pẹ̀lú omi láàárín wọn. Bí ẹ bá ti ibi tó korò bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ ohun tó fúyẹ́ mọ́.

Àbúrò ìyàwó mi mu wheat rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ó sì pè mí padà lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ fún mi pé wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i." Mo ní wọn ò fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Ó ní òun ò gbà, pé òun gbóòórùn rẹ̀ kedere. Mo ṣàlàyé ìwúkàrà fún un títí, ó ṣì ń jiyàn. A ti ṣàdéhùn ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Pale ale la máa fi bẹ̀rẹ̀.